Bí Ọkàn Bá Dáwọ́ Dúró Lójijì: Ohun Tó Yẹ Ká Ṣe Kí A Tó Dé Ọsibítù

Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 1989, Samuel Okwaraji, ọmọ ọdún 25, ṣubú lórí pápá National Stadium ní Sùúrùlérè, l'Ékòó, nígbà tí Nàìjíríà ń gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú Àǹgólà. Ibẹ̀ ló kú sí. Àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe sí òkú rẹ̀ fi hàn pé ọkàn rẹ̀ ti tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ń ru. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2021, Christian Eriksen, ọmọ ilẹ̀ Denmark, ṣubú bẹ́ẹ̀ ní Copenhagen. Kò pẹ́ rárá tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àyà rẹ̀, wọ́n sì fi ẹ̀rọ ta iná sí ọkàn rẹ̀. Ó yè é, ó sì padà sórí pápá ní oṣù kejì ọdún 2022. A ò sọ pé àìsàn kan náà ló ṣe àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ṣe fún Eriksen láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan yẹn ló yẹ kí gbogbo ilé mọ̀.

Ní ọ̀pọ̀ abúlé wa ní Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà, kò sí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ nítòsí. Láti oko tó wà lẹ́yìn Ìyànà Ọ̀fà tàbí Àkànràn dé UCH kì í ṣe ọ̀nà ìṣẹ́jú márùn-ún, bẹ́ẹ̀ bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé ọpọlọ fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́rin, ọpọlọ á ti máa bàjẹ́. Ọwọ́ ẹni tó bá wà nítòsí ni ọ̀rọ̀ náà kù sí.

Inú ọkàn ni agbára kan wà, bí iná mànàmáná, tó ń pàṣẹ ìgbà tí ọkàn máa lù. Bí àṣẹ yìí bá dàrú pátápátá, ọkàn á máa gbọ̀n lásán, kò ní lè ti ẹ̀jẹ̀ jáde mọ́, ẹni náà á sì dákú lójú ẹsẹ̀. Èyí yàtọ̀ sí kí iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ara ọkàn dí. Ẹni tí ìyẹn ń ṣe ṣì máa ń sọ̀rọ̀: àyà á máa dùn ún bíi pé nǹkan wúwo tẹ̀ ẹ́, ìrora náà lè bọ́ sí apá òsì tàbí àgbọ̀n, òógùn á bò ó. Ẹ má tẹ àyà onítọ̀hún. Ẹ jẹ́ kó jókòó, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù kíá, torí ọkàn rẹ̀ lè dúró lójú ọ̀nà.

Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ọkàn ti dúró? Ẹ gbọn èjìká rẹ̀, ẹ pè é sókè. Bí kò bá dáhùn, ẹ wo àyà rẹ̀, kó má ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ. Bí kò bá mí, tàbí tí kò mí bí èèyàn ṣe ń mí, ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ibí yìí gan-an la ti ń ṣàṣìṣe jù. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró lè fa èémí kan bí ẹni tó ń hanrun, á dákẹ́, á tún fa òmíràn. Àwọn ará ilé á ní ó ń pọ̀kàkà ikú, pé sakarátù ti dé. Wọ́n á kọ ojú rẹ̀ sí kíbúlà, wọ́n á máa ka kálímà sí i létí. Èmi náà ti jókòó níbi irú rẹ̀ rí, tí a ń ka Yáásín nígbà tó yẹ ká máa tẹ àyà. Mi ò mọ̀ nígbà náà. Àmì pé ọpọlọ kò tíì kú tán ni èémí yẹn, àsìkò ìrànlọ́wọ́ sì ni. Ara rẹ̀ tún lè gbọ̀n díẹ̀, kí wọ́n rò pé wárápá ni. Ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má da omi, epo tàbí àgbo sí i lọ́fun.

Ẹ jẹ́ kó fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ilẹ̀ tó le, kì í ṣe orí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ gbé ìsàlẹ̀ àtẹ́lẹwọ́ kan, níbi tó ti fẹ́ kan ọrùn ọwọ́, lé àárín àyà rẹ̀, ẹ gbé ọwọ́ kejì lé e, kí apá yín nà gbọnrangandan. Ẹ fi ìwúwo ara yín tẹ̀ ẹ́ wọlé ní sẹ̀ǹtímítà márùn-ún sí mẹ́fà, kí àyà náà padà sókè tán kí ẹ tó tún tẹ̀ ẹ́. Ó yẹ kó tó ìgbà 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan. Ó máa ń rẹni gan-an, nítorí náà kí ẹlòmíràn máa gbà á ní ìṣẹ́jú méjì méjì. Egungun ìhà lè kán. Ẹ má tìtorí ẹ̀ dúró, egungun á jinná. Láti ọdún 1960 ni Kouwenhoven, Jude àti Knickerbocker ti fi hàn ní Baltimore, ní Amẹ́ríkà, pé ọwọ́ lásán lè ṣe iṣẹ́ yìí láìla àyà.

Ti ọmọdé yàtọ̀ díẹ̀, torí àìrí afẹ́fẹ́ ló sábà ń dá ọkàn tiwọn dúró: ọmọ já sí kànga, tàbí nǹkan há a lọ́fun. Ẹ kọ́kọ́ fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu, lẹ́yìn náà kí ẹ máa tẹ àyà ní ìgbà 30, kí ẹ fẹ́ atẹ́gùn lẹ́ẹ̀mejì. Ọwọ́ kan tó fún ọmọdé, àtàǹpàkò méjì fún ìkókó. Bó bá jẹ́ pé iná ló gbé e, ẹ pa iná ná kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Wọ́n máa ń bi wá pé bí èèyàn bá ṣubú lórí ìrun ńkọ́? Ẹ já ìrun yín, ẹ máa padà kí i. Bó bá jẹ́ obìnrin tí kì í ṣe máhárámù ńkọ́? Dórúrà ni, gẹ́gẹ́ bí a ṣe kọ́ ọ nílé kéwú. Bí obìnrin tó mọ̀ ọ́n ṣe bá wà níbẹ̀, kó ṣe é. Bí kò bá sí, kí ọkùnrin tẹ̀ ẹ́, kó má fi ìṣẹ́jú kan ṣòfò. Aya 32 nínú Súrà Máídà tí a máa ń ka lórí mínbárì, irú ọjọ́ yìí ló ń bá wí.

Bí ẹnì kan ṣe ń tẹ àyà, kí ẹlòmíràn pe 112, kí ẹ̀kẹta sáré wá ọkọ̀. Ọ̀kadà tí a ń fi aláìsàn há àárín ẹni méjì kò dáa fún èyí, torí kò sí bí wọ́n ṣe máa tẹ àyà lórí rẹ̀. Ọkọ̀ tó ń kó ẹ̀gẹ́, tí èèyàn lè nà sílẹ̀ nínú ẹ̀yìn rẹ̀, sàn jù ú lọ.

Nígbà mìíràn, ọkàn á ti fi àmì hàn tipẹ́. Ẹ fi ìka méjì wá ibi tí iṣan ti ń lù lọ́rùn ọwọ́, lápá àtàǹpàkò, ẹ kà á fún ìṣẹ́jú kan gbáko nígbà tí ara bá balẹ̀. Ti àgbàlagbà sábà máa ń wà láàárín 60 sí 100. Bó bá ń ju 100 lọ láìsí ibà, tàbí tó ń lù ségesège, tàbí tí ojú ń ṣú èèyàn nígbà tó ń kọ ebè, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ECG. Wáyà lásán ni wọ́n máa lẹ̀ mọ́ àyà, kì í dunni. Ọkàn tó ń lù ségesège lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú rẹ̀, kó sì di àrùn rọpárọsẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń fa púpọ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀fun dídùn ọmọdé tí wọn ò tọ́jú náà lè ba ọkàn jẹ́ títí dàgbà. Tramadol tí àwọn ọ̀dọ́ ń lò nílòkulò kò ṣe ọkàn lóore.

Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti ọkàn kò gbọdọ̀ dá a dúró nítorí ààwẹ̀ Ràmàdáánì. Kó lọ bá dókítà rẹ̀ nínú oṣù Ṣàbáánì, kí wọ́n bá a pín in sí àsìkò sààrì àti ìṣínu. Bí dókítà bá sì ní kó má gbààwẹ̀, ẹ̀sìn ti yọ̀ǹda fún un.