Mélòó Ni Kó Máa Lọ Pọ̀? Ìtàn Ààlà Iye Iṣẹ́ Nínú Kóòdù

Bí ẹni tó ń kọ kóòdù ní Baṣọ̀run nílùú Ìbàdàn bá fẹ́ fi èsì ìdánwò ránṣẹ́ sórí fóònù 5,000 òbí, ìlà kóòdù kan ti tó láti tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, láìdúró kí ọ̀kan dé kí òmíràn tó gbéra. Sáfà tó ń gbà wọ́n lè dá ọ̀pọ̀ padà, àkókò àwọn mìíràn á sì kọjá lẹ́nu ìdúró. Bí 20 péré bá ń lọ pọ̀, tí ọ̀kan ń wọlé bí ọ̀kan ṣe ń jáde, wọ́n á rọrùn láti gbà. Ìtàn irú ààlà báyìí ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Nígbàkígbà tí ẹ̀rọ tuntun bá mú ìdènà àtijọ́ kúrò, ọmọ ènìyàn ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ gbé òmíràn kalẹ̀.

Láti orí wáyà tẹlifóònù

Agner Krarup Erlang, onímọ̀ ìṣirò ará Denmark tó ń bá ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù Copenhagen ṣiṣẹ́, gbé iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí jáde ní 1909. Ní 1917, ó ṣe ìṣirò tí a fi ń mọ iye wáyà tó yẹ kó wà kí ìpè tó ń kùnà má baà pọ̀ jù. Wáyà fúnra rẹ̀ ni ààlà nígbà náà. Bí mẹ́wàá bá wà, ẹni kọkànlá kò ríbi wọlé.

Bẹ́ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà náà ṣe rí ní ìbẹ̀rẹ̀. Ní 1963, IBM dá ibùdó ẹ̀kọ́ rẹ̀ fún ilẹ̀ Áfíríkà sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ìgbà náà ń parí iṣẹ́ kan kí wọ́n tó gba òmíràn, nítorí náà ìbéèrè pé mélòó ni kó máa lọ pọ̀ kò tí ì kan ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lò wọ́n.

Ní nǹkan bí àkókò kan náà, Edsger Dijkstra, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, ń ronú nílẹ̀ Netherlands lórí kọ̀ǹpútà tí yóò máa ṣe iṣẹ́ púpọ̀ pọ̀. Ó dá semaphore sílẹ̀, nọ́ńbà kan tí gbogbo iṣẹ́ jọ ń wò. Ẹ wo ilé epo tó ní pọ́ọ̀ǹpù mẹ́rin: ọkọ̀ tó bá wọlé mú ọ̀kan, ó ku mẹ́ta, bí kò bá ku ìkankan, ọkọ̀ tó kàn á dúró, bí ọ̀kan bá jáde, ẹni tó ń dúró á bọ́ síbẹ̀. P àti V ni Dijkstra pe mímú àti dídápadà yìí. Ó lò ó nínú THE, ètò tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́ ní Eindhoven, tó sì ṣàlàyé rẹ̀ fún aráyé ní 1968.

Nígbà tí ìdènà lọ

Lẹ́yìn náà, thread, ìyẹn okùn iṣẹ́ tó ń lọ lọ́tọ̀ nínú ètò kan, ni ọ̀pọ̀ ètò fi ń ṣe iṣẹ́ púpọ̀ pọ̀. Thread kọ̀ọ̀kan ń gba ààyè nínú mẹ́mórì, ìyẹn sì ń kìlọ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ kó wọn jọ jù. Àmọ́ ní 1999, Dan Kegel béèrè bí kọ̀ǹpútà kan ṣe lè dá 10,000 oníbàárà lóhùn pọ̀. Ìdáhùn kan tó gbilẹ̀ ni pé kí kóòdù má jókòó de nẹ́tíwọ̀kì. Orí èrò yìí ni Ryan Dahl gbé Node.js, tó ń mú kóòdù JavaScript ṣiṣẹ́ lórí sáfà, kà ní 2009. Thread kan ṣoṣo ni kóòdù JavaScript ń lò níbẹ̀, síbẹ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìbéèrè rẹ̀ lè wà lójú ọ̀nà.

Bí bíbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ṣe di ohun tí kò náni ní nǹkan nìyẹn, tí kò sì sí ohun tó ń dáni dúró mọ́. Promise.all, àṣẹ tó ń dúró de ọ̀pọ̀ iṣẹ́ pọ̀, tó wọ ìlànà JavaScript ní 2015, kì í fi ààlà sí iye. Ohun tí ẹ kó fún un ti bẹ̀rẹ̀ kó tó rí i. Semaphore bá padà wá. Python 3.4 gbé asyncio.Semaphore dé ní 2014, àwọn tó ń kọ JavaScript sì ń lo p-limit tí Sindre Sorhus kọ. Àwọn tó ni sáfà náà ti ń dáàbò bo ara wọn: láti 2012 ni èsì 429 ti wà nínú ìlànà HTTP, láti sọ fún oníbàárà pé ìbéèrè rẹ̀ ti pọ̀ jù.

Ẹ̀kọ́ ọdún 2023

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, nígbà tí pípààrọ̀ owó náírà mú kí owó bébà ṣọ̀wọ́n, àwọn ará Ìbàdàn gbára lé tiransífà bíi gbogbo Nàìjíríà. Owó ń kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó rajà, kò sì tètè dé ọ̀dọ̀ ẹni tó tà á. Ẹni tí tirẹ̀ bá kùnà á tún un tẹ̀, ẹrù á sì wúwo sí i lórí ọ̀nà tó ti kún. Ohun tí kóòdù tó ń tún iṣẹ́ ṣe lójú ẹsẹ̀ ń ṣe nìyẹn. Ó yẹ kó dúró díẹ̀, kó sì fi kún ìdúró náà bí ìkùnà bá tún wáyé.

Bí a ṣe ń yan nọ́ńbà

Ní 1961, John Little fi ẹ̀rí múlẹ̀ pé bí a bá fi iye iṣẹ́ tó ń wọlé ní ìṣẹ́jú-àáyá kan sọ àkókò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lò di púpọ̀, a ó rí iye iṣẹ́ tó wà nínú ètò lẹ́ẹ̀kan náà. Bí 50 bá ń wọlé ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lo ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá, mẹ́wàá ló ń lọ pọ̀.

Ibi tó tóóró jù lọ́nà ni ká ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò náà. Dátábéèsì PostgreSQL máa ń gba ìsopọ̀ 100 bí a kò bá yí i padà. Bí ẹ̀dà ètò mẹ́rin bá ń ṣiṣẹ́, tí a fi ààlà 30 sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, 120 ni wọ́n lè béèrè. Ọ̀kọ̀ọ̀kan pa òfin tirẹ̀ mọ́, dátábéèsì ṣì kún. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá gba 20, wọ́n jẹ́ 80, ààyè sì kù fún àtúnṣe. Ẹ ṣe ìṣirò yìí kí ẹ tó gbé ètò yín síta, nítorí kò sí apá mìíràn nínú kóòdù tí yóò bá yín ṣe é.