Odò àti Àpáta: Ìdí Tí Dáyámọ́ńdì Kò Fi Ṣe Botswana àti Sàró Bákan Náà

Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ló ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àlùmọ́ọ́nì ilẹ̀ ní ègún lára. Wọ́n á ní ibi tí wúrà, epo rọ̀bì tàbí dáyámọ́ńdì bá wà, ibẹ̀ náà ni ìṣẹ́ àti ogun máa ń tẹ̀dó sí. Bí a bá wá fi Botswana bi wọ́n, èsì tó máa ń yá lẹ́nu wọn ni pé àwọn olórí ibẹ̀ gbọ́n, wọ́n sì jẹ́ olóòótọ́. Pé olè ni àwọn olórí Sierra Leone, tí àwọn baba wa ń pè ní Sàró. Mi ò gbà pé àlàyé yìí tó. Ohun méjì ló fi pamọ́: bí òkúta náà ṣe wà nínú ilẹ̀, àti ẹni tí òfin ti fi í lé lọ́wọ́ kí owó rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé.

Àpáta yíyọ́ tó ru sókè láti ìsàlẹ̀ ilẹ̀ láyé àtijọ́ ló gbé dáyámọ́ńdì wá, ó sì dì sí ojú ọ̀nà tó gbà. Kimberlite ni wọ́n ń pè é. Ní Orapa àti Jwaneng ní Botswana, inú àpáta yẹn ni dáyámọ́ńdì ṣì wà. Ihò Jwaneng ti jìn ju 400 mítà lọ. Kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi ṣọ́bìrì wà. Ẹ̀rọ ńláńlá àti òbítíbitì owó ló ń gbà. Ìjọba tó bá sì ti mọ ọgbà yí irú ihò bẹ́ẹ̀ ká ti rí ìṣúra rẹ̀ ṣọ́.

Ní Kono, ní ìlà-oòrùn Sierra Leone, òjò àti odò ti jẹ àpáta náà fún àìmọye ọdún, wọ́n sì ti fọ́n dáyámọ́ńdì inú rẹ̀ ká sínú òkúta wẹ́wẹ́ etídò. Ṣọ́bìrì, asẹ́ àti omi ti tó láti wà á. Géńdé kan á dúró sínú omi láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, á máa jọ yanrìn. Ẹni tó gbọ̀wọ́ fún un ló ń fún un ní ìrẹsì àti owó táṣẹ́rẹ́. Bó bá rí òkúta, onígbọ̀wọ́ yẹn náà ni yóò dá iye lé e. Òkúta tó tó hóró ẹ̀wà ṣeé fi pamọ́ sábẹ́ ahọ́n, owó rẹ̀ sì lè ju ti oko ọdún kan lọ. Inú máa ń bí mi bí mo bá rí i tí wọ́n pe géńdé yìí ní onífàyàwọ́ láì kọ́kọ́ sọ iye tí wọ́n ń san fún un. Ẹni tó bá mọ àwọn tó ń wa wúrà létí odò ní agbègbè Iléṣà yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sílé. Ìjọba wo ló lè mọ ọgbà yí odò ká?

Ọdún 1930 ni wọ́n rí dáyámọ́ńdì ní Kono. Ní 1935, ìjọba amúnisìn fún ilé iṣẹ́ kan, Sierra Leone Selection Trust, láṣẹ pé òun nìkan ni kó máa wà á fún ọdún 99. Láti ọjọ́ náà, ọmọ Kono tó bá gbẹ́ ilẹ̀ baba rẹ̀ ti di arúfin. Nígbà tí wọ́n fi máa gbà ní 1956 kí àwọn ọmọ ilẹ̀ gba ìwé àṣẹ, òkúta ti mọ ọ̀nà Monrovia ní Liberia dáadáa. Ní 1971, ìjọba Siaka Stevens gba ìdá 51 nínú ọgọ́rùn-ún ìpín ilé iṣẹ́ náà. Dáyámọ́ńdì tó gba ojú ọ̀nà òfin jáde ní 1970 lé ní mílíọ̀nù méjì káráàtì. Ní 1988, kò tó 50,000. Òkúta kò tíì tán o. Ọ̀nà ẹ̀bùrú ló gbà, ọ̀pọ̀ nínú èrè rẹ̀ sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó sún mọ́ ààfin. Níbí, mo gbà pé ìwà àwọn olórí dá kún un. Ṣùgbọ́n odò àti òfin 1935 ló ti lànà sílẹ̀ fún wọn. Nígbà tí ogun sì dé ní 1991, àwọn ọlọ̀tẹ̀ RUF kò nílò ẹ̀rọ kankan kí wọ́n tó fi Kono ra ìbọn. Ọdún 2002 ni ogun yẹn tó parí.

Botswana gba òmìnira ní 1966. Ní 1967 ni wọ́n rí kimberlite Orapa, ọdún yẹn kan náà ni òfin gba ẹ̀tọ́ àlùmọ́ọ́nì lọ́wọ́ àwọn ẹ̀yà, tó sì fi lé ìjọba lọ́wọ́. Orí ilẹ̀ Bangwato ni Orapa wà, ọmọ oyè Bangwato sì ni ààrẹ, Seretse Khama. Ẹ̀yà tó lè jèrè jù lọ ni ẹ̀yà tirẹ̀, òun náà ló sì darí ìjọba tó gbà á lọ́wọ́ wọn, kí ihò Orapa tó ṣí ní 1971. Ìpín ìjọba nínú ilé iṣẹ́ tó ń wà á, tó di Debswana lónìí, bẹ̀rẹ̀ láti 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Kí ẹ̀wádún náà tó parí, ó ti di ìlàjì. Bí wọ́n bá ti dúró kí owó kọ́kọ́ dé, mi ò rò pé Bangwato ìbá gbà.

Síbẹ̀, ẹ má ṣe sọ Botswana di ìtàn àròsọ. Ìjọba yìí kan náà ló lé ẹ̀yà Basarwa kúrò nínú ilẹ̀ wọn ní àárín aṣálẹ̀ Kalahari. Ilé ẹjọ́ dá wọn láre ní 2006. Dáyámọ́ńdì ṣì ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú ọjà tí wọ́n ń tà sókè òkun, ọdún 2013 sì ni De Beers, ilé iṣẹ́ tó jọ ni Debswana pẹ̀lú ìjọba, tó kó ìtajà rẹ̀ kúrò ní London wá sí Gaborone. Ní báyìí tí àwọn ilé iṣẹ́ ti ń fi ẹ̀rọ ṣe dáyámọ́ńdì, iye owó ti jábọ́, Debswana ti dín ohun tó ń wà kù, ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń ṣàkóso láti 1966 sì fìdí rẹmi nínú ìdìbò 2024. Ọgbà tí wọ́n fi yí ihò ká kò lè dáàbò bo iye owó lọ́jà àgbáyé.

Ní Sierra Leone, ní 2001, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dá díẹ̀ padà fún àwọn ìlú tó ń wa kùsà: ìdá kan nínú mẹ́rin owó orí 3 nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n ń gbà lórí òkúta tó ń jáde. Ìgbésẹ̀ rere ni, ṣùgbọ́n àpò ìlú ló ń lọ. Géńdé inú omi ṣì ń jẹ ìrẹsì onígbọ̀wọ́, onígbọ̀wọ́ ṣì ń dá iye lé òkúta. Ibẹ̀ ni ó yẹ kí owó ìjọba kọ́kọ́ dé: kí ẹlòmíràn lè yá géńdé yìí lówó oúnjẹ, kí oníbàárà tó ju ẹyọ kan lọ sì dúró létí odò lọ́jọ́ tó bá rí òkúta.