Iná Akosombo àti Àwọn Tí Omi Lé Nílé

Ìsédò Akosombo, ìyẹn ògiri ńlá tí ìjọba Gánà fi òkúta àti amọ̀ dí Odò Volta láàárín ọdún 1961 sí 1965, wà lára àwọn iṣẹ́ iná mànàmáná tó tóbi jù lọ tí orílẹ̀-èdè Áfíríkà kan dáwọ́ lé ní kété tó gba òmìnira. Kwame Nkrumah, tó jẹ́ ààrẹ nígbà náà, gbà pé láìsí iná tó pọ̀ tó, ilé-iṣẹ́ kò lè gbilẹ̀. Omi tó ń já wálẹ̀ ló ń yí ẹ̀rọ ibẹ̀, kì í ṣe èédú tàbí epo, ìdí sì nìyí tí a fi ń ka irú agbára bẹ́ẹ̀ lónìí mọ́ èyí tí kì í fi bẹ́ẹ̀ tú kábọ́ọ̀nù, èéfín tó ń mú kí ayé gbóná sí i, sójú ọ̀run. Ṣùgbọ́n iná tí kò ní èéfín pẹ̀lú ní ohun tó ń náni, ìtàn Akosombo sì fi ẹni tó san án àti ẹni tó jèrè rẹ̀ hàn.

Adágún tí ìsédò náà dá sílẹ̀ gba ilẹ̀ tó tó nǹkan bí 8,500 kìlómítà níbùú-lóròó. Ó bo 739 abúlé, ó sì lé nǹkan bí 80,000 ènìyàn kúrò nílé, tí a kó lọ sí ìlú tuntun 52. Nítorí pé omi ń kún bọ̀, tí àkókò kò sì tó, yàrá kan ṣoṣo ni a kọ́ parí fún ìdílé kọ̀ọ̀kan, tí a sì fi ìpìlẹ̀ yòókù sílẹ̀ kí onílé fúnra rẹ̀ máa mọ ọ́n díẹ̀díẹ̀, bẹ́ẹ̀ inú agbo ilé ni púpọ̀ nínú wọn ti ń gbé tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ẹbí. Oko tí a ṣèlérí pé a ó fi katakata ṣán fún wọn kò ṣeé dá lásìkò, oúnjẹ ìrànwọ́ ni ọ̀pọ̀ fi gbẹ́mìí ró, kò sì pẹ́ tí àwọn mìíràn fi kó kúrò.

Ìyà náà kò mọ sọ́dọ̀ àwọn tí omi bo ilé wọn. Ní ìsàlẹ̀ odò, láàárín àwọn Tongu, àkúnya ọdọọdún tó ń sọ ilẹ̀ oko di ọlọ́ràá dáwọ́ dúró, ẹran odò oníkarahun méjì tí àwọn obìnrin ń wẹdò wá, tí wọ́n sì ń tà, bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n. Ní etí adágún, ìgbín inú omi tó ń gbé kòkòrò àtọ̀sí ajá kiri pọ̀ sí i, àrùn tó ń mú kí ọmọdé máa tọ ẹ̀jẹ̀ sì tàn kálẹ̀.

Ta ni ó wá jẹ èrè? Ilé-iṣẹ́ alumíníọ̀mù VALCO ní Tema, tó jẹ́ ti àwọn ará Amẹ́ríkà nígbà náà, ló ń gba ju ìdajì iná náà lọ ní àwọn ọdún àkọ́kọ́, ní owó pọ́ọ́kú tí àdéhùn ọlọ́jọ́ pípẹ́ ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀, títí ìjọba fi tún àdéhùn náà ṣe ní 1985. Láti 1972, iná Akosombo ti kọjá ààlà dé Tógò àti Benin. Ó tàn ní Lomé àti Kútọnu nígbà tí àtùpà elépo ṣì ni ọ̀pọ̀ àwọn tí a lé kúrò fi ń ríran. Àjọjẹ kò dùn bí ẹnì kan kò ní.

Kò yàtọ̀ ní Nàìjíríà, níbi tí ìsédò Kainji lórí Odò Ọya ti lé àwọn ará Bussa àtijọ́ kúrò ní ìparí àwọn ọdún 1960, tó jẹ́ pé ọdún 2010 ni òfin tó dá àjọ ìdàgbàsókè sílẹ̀ fún irú àgbègbè bẹ́ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Lónìí tí a tún ń wá ilẹ̀ fún iná oòrùn, iná afẹ́fẹ́ àti ìsédò tuntun, ó yẹ kí ilé, oko, ìwòsàn àti ìpín àwọn onílẹ̀ nínú owó iná wà nínú àdéhùn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí àwọn fúnra wọn sì jókòó níbi tí a ti ń kọ ọ́, nítorí ẹ̀tọ́ tí a bá sún síwájú di ìgbà tí iná bá tàn, ìran kan lè kú kó tó dé.