Àgbà Ṣubú, Ó Wo Ẹ̀yìn: Ìtàn Irinṣẹ́ Tí A Fi Ń Kọ́ Kernel

Kernel wà lára àwọn ọ̀rọ̀ tí kì í kúrò lẹ́nu àwọn ọ̀rẹ́ wa tó ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe èkùrọ́, ohun tí à ń bá nínú ẹyìn nígbà tí a bá ti fún epo rẹ̀ tán, tí a sì ti fọ́ èèpo líle rẹ̀. Nínú kọ̀ǹpútà, òun ló wà láàárín irin àti gbogbo ètò tí à ń lò. Òun ló ń pín ibi ìrántí, òun ló ń bá bọ́tìnnì àti ojú ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. Èkùrọ́ ni alábàákú ẹ̀wà. Kernel ni alábàákú ẹ̀rọ.

Linux ni kernel tí ènìyàn lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́, kó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ọ. Ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 1991 ni Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún 21 ní Yunifásítì Helsinki ní orílẹ̀-èdè Finland, kọ́kọ́ kéde pé òun ń kọ ọ́. Ní ọjọ́ 27 oṣù yẹn kan náà ni wọ́n gé ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́. Yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1990, LAUTECH tòní, wá di ti ìpínlẹ̀ méjèèjì títí di 2020 tí ó padà di ti Ọ̀yọ́ nìkan. Ẹ ò rí i pé ìtàn yìí kò jìnnà sí wa: ọdún kan péré ni LAUTECH fi ṣe ẹ̀gbọ́n Linux.

Nǹkan bí ìlà 10,000 ló wà nínú Linux àkọ́kọ́. Nígbà tí ẹ̀dà 1.0 jáde ní oṣù kẹta 1994, ó ti di ìlà 176,250. Lónìí ó ti kọjá mílíọ̀nù 30. Láyé ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ ẹni tó bá fẹ́ lo Linux ló ń kọ́ kernel tirẹ̀, nítorí ibi ìrántí kọ̀ǹpútà kéré, wọn kò sì fẹ́ kó ru ẹrù tí kì í ṣe tirẹ̀. Lóde òní, Ubuntu àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbé èyí tó ti ṣe tán fúnni. Síbẹ̀, ẹni tó ra láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí kernel ọjà kò mọ apá kan nínú rẹ̀, tàbí akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ mọ inú ẹ̀rọ, ṣì ní láti fọwọ́ kọ́ tirẹ̀. Lórí irú láptọ́ọ̀pù bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ náà lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí. Láti Ọ̀yọ́ Aláàfin dé Ògbómọ̀ṣọ́, ta ló lè fọwọ́ sọ̀yà pé iná ọba kò ní lọ láàárín wákàtí wọ̀nyẹn?

Ibí yìí gan-an ni ìtàn tí a fẹ́ sọ ti wọlé. Irinṣẹ́ tó ń darí iṣẹ́ náà dàgbà ju Linux lọ ní ọdún 15. Make ni wọ́n ń pè é. Stuart Feldman ló kọ ọ́ ní Bell Labs, ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1976. Feldman sọ pé ní ọjọ́ kan, Steve Johnson tó kọ ètò yacc bínú wọlé tọ òun wá. Gbogbo òwúrọ̀ ló fi ń wá àṣìṣe nínú ètò tí kò ní àṣìṣe mọ́. Ó ti tún un ṣe lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tíì sọ àtúnṣe náà di èdè ẹ̀rọ. Ògbólógbòó ló ń dán wò. Irú ìyà bẹ́ẹ̀ ti jẹ Feldman náà ní ìrọ̀lẹ́ àná rẹ̀. Òpin ọ̀sẹ̀ kan ló fi kọ make àkọ́kọ́. Ní 2003, ẹgbẹ́ ACM fi ẹ̀bùn dá a lọ́lá nítorí rẹ̀.

Ọgbọ́n make kò le. Fáìlì tí ènìyàn kọ dà bí ìyá, èyí tí ẹ̀rọ ṣe láti inú rẹ̀ dà bí ọmọ. Ọmọ kò gbọdọ̀ dàgbà ju ìyá lọ. Bí make bá wo aago tó rí i pé ìyá kéré sí ọmọ, ó mọ̀ pé wọ́n ti fọwọ́ kan ìyá, á sì tún ọmọ ṣe. Èyí tí kò bá yí padà, kò ní fọwọ́ kàn án. Nítorí náà, bí iná bá lọ lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta, tó sì dé lálẹ́, ènìyàn á tẹ make lẹ́ẹ̀kan sí i, iṣẹ́ á sì bẹ̀rẹ̀ níbi tó dúró sí. Feldman kò ronú kan iná tiwa, ṣùgbọ́n ohun tó ṣe bá wa lára mu.

Aago tó gbẹ́kẹ̀ lé náà ló tún ń kó o sí wàhálà. Bí iná bá kú lójijì, fáìlì kan lè wà tí kò parí, tàbí tó ṣófo, síbẹ̀ tí ọjọ́ orí rẹ̀ fi hàn bí ọmọ tuntun. Make á rò pé ó ti parí. Ìgbà tí wọ́n bá ń so gbogbo rẹ̀ pọ̀ ni àṣìṣe á jáde pé fáìlì kan gé kù. Ẹ wá fáìlì .o tó ṣófo, ẹ pa á rẹ́, kí ẹ tún tẹ make. Ìkejì ni ti bátìrì kékeré inú láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀. Bó bá ti kú, ọjọ́ ẹ̀rọ á padà sẹ́yìn ní ọ̀pọ̀ ọdún nígbàkigbà tí iná bá lọ. Make á wá kígbe pé "Clock skew detected". Ẹ tún aago ṣe kí ẹ tó tún nǹkan mìíràn ṣe.

Ẹni tí wákàtí iná rẹ̀ kò tó lè dín iṣẹ́ kù pẹ̀lú make localmodconfig, tó wọ inú Linux 2.6.32 ní oṣù kejìlá 2009. Ó ń wo ohun tí ẹ̀rọ ń lò lọ́wọ́, ó sì ń yọ ìyókù kúrò. Ẹ kọ́kọ́ so gbogbo ohun tí ẹ máa ń lò mọ́ ọn, nítorí èyí tí kò bá sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà kò ní wọlé. Bí kernel tuntun bá kọ̀ láti gbéra, tó sọ pé "Unable to mount root fs", ó ṣeé ṣe kí ohun tó fi ń bá díìsìkì sọ̀rọ̀ ti bọ́ sílẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹ kò fi gbọ́dọ̀ pa ògbólógbòó kernel rẹ́: òun lẹ ó fi wọlé láti tún un ṣe.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Ìlà tó kẹ́yìn lójú ẹ̀rọ ni akọ́ṣẹ́ máa ń kà. Àṣìṣe àkọ́kọ́ wà lókè, ó sì lè fi ọgọ́rùn-ún ìlà jìnnà. Òkè ni kí ẹ lọ wá a.