Hashim Khan: Láti Orí Bọ́ọ̀lù Ṣíṣà Dé Orí Iṣẹ́ Kóòṣì

Ìtàn tí a gbé wá lónìí kì í ṣe ti ọmọ Yorùbá, àmọ́ ẹni tó bá ti filé sílẹ̀ lọ wá oúnjẹ òòjọ́ rí yóò rí ara rẹ̀ nínú ẹ̀.

Squash ni eré tí ènìyàn méjì ń fi rákẹ́ẹ̀tì gbá bọ́ọ̀lù rọ́bà kékeré mọ́ ògiri, nínú yàrá tí gígùn rẹ̀ kò pé mítà 10. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló gbé e kiri ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso. Bí wọ́n ṣe dá kílọ́ọ̀bù tiwọn sílẹ̀ ní Ìkòyí, l'Ékòó, ní 1938, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ní ọ̀kan ní Peshawar, tó wà ní Pakistan báyìí.

Abúlé Nawakille, lẹ́bàá Peshawar, ni ìdílé Hashim ti wá. Bàbá rẹ̀, Abdullah, ni olórí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú àwọn ọ̀gá ológun ní kílọ́ọ̀bù yẹn. Ìjàm̀bá ọkọ̀ pa bàbá nígbà tí Hashim wà lọ́mọ ọdún 11. Bí ilé ìwé ṣe parí nìyẹn. Ó ń gbálẹ̀ níbi eré, ó sì ń ṣa bọ́ọ̀lù tó bá fò kọjá ògiri, torí wọn ò ṣe òrùlé sí i. Bí oòrùn bá mú tí àwọn ọ̀gá lọ sinmi, òun á wọlé, á máa dá gbá a láìwọ bàtà.

Ẹ wá wò ó o. A máa ń rò pé ènìyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ife ẹ̀yẹ kó tó lè kọ́ ẹlòmíràn. Ti Hashim ò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1942 ni wọ́n gbà á láti máa kọ́ àwọn ọ̀gá ọmọ ogun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1944 ló tó lọ Bombay, tó sì borí gbogbo Íńdíà. Ní 1950, ẹnì kan tó ti nà níbẹ̀, Abdul Bari, lọ ìdíje British Open ní ìlú ọba, ó sì dé àṣekágbá. Ọkàn Hashim ò balẹ̀ mọ́. Ọmọ ogun òfurufú Pakistan, orílẹ̀-èdè tí ò tíì ju ọdún mẹ́rin lọ, ló rán an lọ ní 1951. Mahmoud Karim ará Íjíbítì ti gba ife yẹn lẹ́ẹ̀mẹrin léraléra. Hashim nà án ní 9-5, 9-0, 9-0. Ó gba á títí dé 1956, ó tún gba á ní 1958: ìgbà méje!

Azam, àbúrò rẹ̀, ń kọ́ni ní tẹ́níìsì nígbà náà. Hashim nílò ẹni tí yóò máa bá a gbá a, ló bá fa àbúrò wọ inú squash. Wọ́n pàdé ní àṣekágbá ní 1954, 1955 àti 1958. Ẹ̀gbọ́n ló borí lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n láti 1959 dé 1962, Azam ló ni ife náà. Roshan, ìbátan wọn, ti gba ti 1957. Mohibullah, tó jẹ́ ẹbí, gba ti 1963. Ọdún 13 nìyẹn tí ife náà ò jáde nínú ìdílé! Jahangir, ọmọ Roshan, tún wá gba á lẹ́ẹ̀mẹwàá, láti 1982 dé 1991.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, Hashim kó lọ Detroit l'Ámẹ́ríkà láti di kóòṣì, lẹ́yìn náà ó lọ Denver. Azam fìdí kalẹ̀ sí London, ó ń kọ́ni ní kílọ́ọ̀bù tiẹ̀ ní Shepherd's Bush. Sharif, ọmọ Hashim, gba North American Open lẹ́ẹ̀mejìlá. Bàbá náà kú ní Colorado lọ́jọ́ 18 oṣù kẹjọ, 2014. Ohun tó bá a dé ibẹ̀ kọ́ ni ilẹ̀ tàbí ilé. Iṣẹ́ ọwọ́ ni.

Kí ló kàn wá níbẹ̀? Orí ilẹ̀ àwọn Gbagyi la wà. Ní 1976 ni ìjọba sọ àgbègbè yìí di ilẹ̀ olú-ìlú, wọ́n sì kó kúrò l'Ékòó wá síbí lọ́jọ́ 12 oṣù Kejìlá, 1991. Púpọ̀ nínú wa, iṣẹ́ ọwọ́ la gbé wá. Ẹ sì mọ bí Abuja ṣe rí: wọ́n lè kun ọ̀dà pupa sára ṣọ́ọ̀bù lónìí, kó wó lọ́la. Ohun tó wà lọ́wọ́ ènìyàn kì í wó.

Síbẹ̀, àwọn ọ̀gá kan nínú wa ń fi iṣẹ́ pamọ́ fún ọmọ iṣẹ́, kó má baà lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù kọjú sí tiwọn. Àwọn ọmọ náà, ẹlòmíràn ò ní dúró gba fíríìdọ́ọ̀mù, ìdí béètì ló ń lọ. Ẹ wo Hashim. Àbúrò tó kọ́ dáadáa ló ń mú kí ọwọ́ tiẹ̀ fúnra rẹ̀ dá ṣáṣá. Ká ní ó fi ọgbọ́n pamọ́ ni, ta ni ì bá máa bá a gbá a? Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu.

Squash yóò wọ Òlíḿpíìkì fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Los Angeles ní 2028. Bí ẹ bá ń wò ó pẹ̀lú àwọn ọmọ, ẹ sọ ìtàn yìí fún wọn. Kó tó dìgbà náà, ẹni tó bá ní ọmọ iṣẹ́ lọ́dọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́ ọ tán. Olúwa á jẹ́ ká jèrè wọn o.