Abẹ́rẹ́ Nínú Ilé: Ta Ni Ó Rán Bùbá Ọkọ?

Ìbéèrè tí ìjíròrò yìí dá lé lórí kò gùn: ta ni ó ń rán aṣọ tí ọkùnrin fi ń gbafẹ́? Àwọn kan yóò ní télọ̀ ni. Àwọn mìíràn, pàápàá àwọn ọmọ Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ tí ìyá wọn ní maṣíìnì nínú ilé, yóò ní ìyàwó ilé ni. Òtítọ́ wà nínú ìdáhùn méjèèjì, ṣùgbọ́n ìtàn tí ó so wọ́n pọ̀ ni àwọn òpìtàn kì í sábà sọ.

Ní ayé àtijọ́, iṣẹ́ aṣọ pín láàárín tọkùnrin tobìnrin. Obìnrin ni ó ń ran òwú, òun náà ni ó ń pa á láró. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, tí ọ̀pọ̀ ará Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ bá tan, obìnrin a tún máa hun aṣọ fífẹ̀ lórí òfì ìdúró tí a gbé ti ògiri. Aṣọ Ìjẹ̀bú lókìkí débi pé àwọn oníṣòwò Potogí ń rà á lọ sí Bùràsíìlì. Ọ̀gákọ̀ òyìnbó kan, John Adams, mẹ́nu bà á nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1823. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti kan abẹ́rẹ́, ọkùnrin ni yóò gbà á. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ ní 1921, ka iṣẹ́ aránṣọ mọ́ iṣẹ́ ọkùnrin. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí. Ìró obìnrin kò ju kí a ró o mọ́ ìdí lọ, ṣùgbọ́n agbádá, dàńṣíkí àti ṣòkòtò ń fẹ́ gígé àti rírán. Aṣọ òfì ọkùnrin kò sì fẹ̀ ju nǹkan bí íǹṣì 4 lọ. A ní láti fi ọwọ́ so ọ̀pọ̀lọpọ̀ rẹ̀ pọ̀ kí a tó lè fi ọ̀bẹ kàn án. Iṣẹ́ oníṣẹ́ ni, kì í ṣe ohun tí ìyàwó ń ṣe nígbà tí ọbẹ̀ bá wà lórí iná.

Ní oṣù kẹjọ 1851, Isaac Singer gba ìwé àṣẹ lórí maṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù kejìlá ọdún kan náà, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó, Ọba Kòsọ́kọ́ sì fi ìlú sílẹ̀. Ẹ̀pẹ́ ni òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ tẹ̀dó sí. Ìṣẹ̀lẹ̀ méjèèjì kò mọ ara wọn rí, ṣùgbọ́n wọn yóò pàdé. Àdéhùn tí Kòsọ́kọ́ bá Consul Benjamin Campbell ṣe ní Ẹ̀pẹ́ ní ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án 1854 fi ẹsẹ̀ òwò múlẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí Kòsọ́kọ́ padà sí Èkó ní 1862, púpọ̀ nínú àwọn ènìyàn rẹ̀ kò bá a lọ. Àwọn ni Èkó-Ẹ̀pẹ́ títí di òní. Ìkòròdú náà jẹ́ ẹnu ọ̀nà ọjà láàárín Èkó àti Rẹ́mọ. Nítorí ọ̀nà yìí ni Glover ṣe rán ọmọ ogun lọ lé àwọn Ẹ̀gbá tí ó dó ti ìlú náà ní 1865. Orí ọ̀sà ni aṣọ òyìnbó gbà dé ìlú méjèèjì. Aṣọ fífẹ̀ ni, kò ní sísopọ̀ nínú. Iṣẹ́ tí ó ń fi agbára télọ̀ hàn ti dín kù.

Ilé ẹ̀kọ́ àwọn míṣọ́nnárì ni ó wá fi abẹ́rẹ́ lé obìnrin lọ́wọ́. Anna Hinderer, tí ó dé Ìbàdàn ní 1853, kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní Kúdẹtì ní aṣọ rírán. Ní Èkó, àwọn Sàró àti àwọn Àgùdà mú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bọ̀ láti òkè òkun. Kì í ṣe bùbá ni ó wà lọ́kàn àwọn míṣọ́nnárì, gáwùn àti ṣẹ́ẹ̀tì ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bá kọ́ ní abẹ́rẹ́, òun ni yóò yan ohun tí yóò fi rán. Nígbà tí David Vincent di Mọjọlá Agbébí ní 1894, tí ó sì pa aṣọ òyìnbó tì, aṣọ ìbílẹ̀ ti padà di ohun àmúyangàn fún àwọn ọ̀mọ̀wé pàápàá.

Bùbá sì rọrùn fún ẹni tí ń kọ́ṣẹ́. A ó ṣẹ́ aṣọ po, a ó tẹ́ ògbólógbòó bùbá ọkọ lé e lórí, a ó sì gé e yípo, a ó fi díẹ̀ sílẹ̀ fún rírán. Iwájú àti ẹ̀yìn kò ní ìsopọ̀ ní èjìká. Ọrùn ni a ó gé, apá ni a ó so mọ́ ọn, a ó sì ṣẹ́ etí rẹ̀. Kò sí téèpù, kò sí ìwé àpẹẹrẹ; ara ọkọ ni ìwé, ojú ìyàwó sì ti kà á tán. Ṣòkòtò ni ó ń dán ọwọ́ wò. Bí ìdí rẹ̀ bá fún jù, ọkọ kò ní lè dọ̀bálẹ̀ kí bàbá ìyàwó rẹ̀ láìjẹ́ pé ó ya, ẹ̀tẹ́ rẹ̀ sì di ti aránṣọ.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ti di ti ẹ̀tọ́. Télọ̀ a máa gba owó, a sì mọ orúkọ rẹ̀ ní àdúgbò. Àwọn aṣọ́bodè ka iye aṣọ tí ó gba etíkun Èkó wọlé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó ka iye bùbá tí ìyàwó rán lóru. Ọ̀rọ̀ tí ó le jù ni ti maṣíìnì fúnra rẹ̀. Ní àṣà Yorùbá, ohun tí obìnrin bá fi owó òwò ara rẹ̀ rà, ìbáà ṣe owó ẹja ní Ẹ̀pẹ́, tirẹ̀ ni. Bí ó bá wá jẹ́ ọkọ ni ó rà á ńkọ́, tí aya sì fi í rán aṣọ ọkọ àti ti aládùúgbò tí ń sanwó? Bí ìgbéyàwó bá tú ká, ta ni yóò gbé e? Àríyànjiyàn yìí kì í ṣe ti abẹ́rẹ́ mọ́. Ó kan ọ̀nà àtijẹ obìnrin àti ti àwọn ọmọ rẹ̀.

Lẹ́yìn òmìnira 1960, dàńṣíkí gbòde ní ilé àti lẹ́yìn odi, àwọn ọmọ adúláwọ̀ Amẹ́ríkà pàápàá sì ń wọ̀ ọ́. Ilé-iṣẹ́ aṣọ bíi Nichemtex fìdí múlẹ̀ ní Ìkòròdú. Nígbà tí ètò ọrọ̀-ajé tí ìjọba gbé kalẹ̀ ní 1986 sọ owó náírà di yẹpẹrẹ, aṣọ àti iṣẹ́ télọ̀ wọ́n. Ẹni tí ó mọ abẹ́rẹ́ nílé rí ọ̀nà àbáyọ, ṣùgbọ́n òkìrìkà ń bá a dù ú: ṣẹ́ẹ̀tì tí ẹlòmíràn ti wọ̀ rí lè dín owó ju aṣọ àti òwú ìránṣọ lọ. Ọ̀pọ̀ ìyàwó gbé iṣẹ́ náà jù sílẹ̀. Àwọn mìíràn ṣí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n sì gba ọmọṣẹ́. Ní ilé àwọn tí ó jù ú sílẹ̀, a lè bá maṣíìnì tí a ń fẹsẹ̀ wà ní igun yàrá, tí a ti tẹ́ aṣọ lé lórí, tí tẹlifíṣọ̀n sì jókòó sórí rẹ̀.