Kíkun alùpùpù lọ́dà nílé

Kíkun alùpùpù lọ́dà nílé ni iṣẹ́ fífá ọ̀dà àtijọ́ àti ìpẹtà kúrò lára alùpùpù, kí a sì fi ọ̀dà tuntun kùn ún láìgbé e lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ń fín ọkọ̀ lọ́dà. Táńkì epo, férémù, mọ́gáàdì àti àwọn ìbòrí ẹ̀gbẹ́ ni a sábà máa ń kùn. Iṣẹ́ náà yàtọ̀ sí kíkun ilẹ̀kùn irin, nítorí pé bẹntiróò a máa dà sára táńkì nígbà tí a bá ń rọ epo, bẹntiróò sì ń ba ọ̀pọ̀ ọ̀dà jẹ́. Ọ̀dà tí bẹntiróò kò lè ràn, òun gan-an ni ó léwu jù fún ẹ̀dọ̀fóró ẹni tí ń fín in. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí iṣẹ́ rẹ̀ pẹ́ gbọ́dọ̀ mọ irú ọ̀dà tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó ṣí agolo.

Irú ọ̀dà

Orúkọ kan ṣoṣo ni a ń pè é: ọ̀dà ni a fi ń kun ilé, ọ̀dà ni a fi ń kun ọkọ̀, ọ̀dà náà sì ni ohun dúdú tí a ń yọ́ sórí títì. Orúkọ yìí kò sọ ohun tí ó wà nínú agolo, nítorí náà ó yẹ kí olùrà béèrè bí ọ̀dà náà ṣe ń gbẹ.

Ọ̀pọ̀ ọ̀dà inú agolo tí a ń tẹ̀ lórí kí ó tó fín, àti ọ̀dà sẹ́lúlóòsì tí a ń fi tínà pò, ń gbẹ nítorí pé tínà inú wọn fẹ́ lọ. Ohun tí tínà yọ́ lẹ́ẹ̀kan, tínà lè tún un yọ́. Bẹntiróò náà lè ṣe bẹ́ẹ̀, bí ó tilẹ̀ lọ́ra: ọ̀dà yí ẹnu táńkì ká yóò rọ̀, yóò hunjọ, yóò sì bó. Ọ̀dà olóróró tí a ń pè ní gúlọ́ọ̀sì ń gbẹ nípa gbígba ọ́síjìn láti inú afẹ́fẹ́. Ó wọ́pọ̀, kò sì wọ́n, ṣùgbọ́n bẹntiróò ń mú un rọ̀ bí ọjọ́ bá ti ń lọ.

Irú kẹta ni èyí tí a ń po ọ̀dà pọ̀ mọ́ hádínà ní ìwọ̀n tí a kọ sára agolo, bíi ife méjì sí ẹyọ kan tàbí mẹ́rin sí ẹyọ kan. Àwọn méjèèjì ń so mọ́ ara wọn bí àwọ̀n, wọ́n sì di polyurethane, ohun tí Otto Bayer, onímọ̀ kẹ́míkà ará Jámánì, àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ṣàwárí ní Leverkusen ní ọdún 1937. Láàárín wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn pípò, ọ̀dà yóò le sínú ife tí a fi pò ó, tínà kò sì ní lè dá a padà mọ́. Irú yìí ni a ń lò fún kílíà, ìyẹn ọ̀dà aláìláwọ̀ tí a ń fi borí àwọ̀. Ó ń dán pẹ́, bẹntiróò kì í sì í tètè ràn án.

Ewu tó wà níbẹ̀

Hádínà yìí ní isocyanate nínú. Bí ènìyàn bá ń fa ìkùukùu rẹ̀ sínú nígbà tí a ń fín in, ara lè kọ̀ ọ́, ó sì lè di ikọ́ fée. Lẹ́yìn tí ara bá ti kọ̀ ọ́, ìwọ̀nba kékeré lè tún dá àìsàn náà sílẹ̀, ó sì lè rí bẹ́ẹ̀ títí ayé. Imú kò lè ṣe ìkìlọ̀, nítorí pé kí a tó gbóòórùn rẹ̀, ó ti kọjá ìwọ̀n tí ara lè gbà. Ìbòmú aláṣọ kò wúlò rárá. Èyí tí ó ní àsẹ́ kẹ́míkà sàn jù ú lọ, ṣùgbọ́n àsẹ́ rẹ̀ lè kún láìjẹ́ pé ẹni tí ó wọ̀ ọ́ mọ̀. Ìdí nìyí tí àjọ HSE ní Ilẹ̀ọba Aṣọ̀kan fi ní kí àwọn tí ń fín irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀ lo ìbòmú tí a ń fi rọ́bà fa afẹ́fẹ́ mímọ́ wọ inú rẹ̀.

Ẹni tí kò ní irú ìbòmú bẹ́ẹ̀ kò yẹ kí ó fín ọ̀dà oníhádínà nílé, àní nínú agolo kékeré tí a ń tẹ ìdí rẹ̀ kí hádínà tó dà sínú ọ̀dà. Kí ó fá ìpẹtà, kí ó fi ọ̀dà ìpìlẹ̀ àti àwọ̀ tí kò ní hádínà sí i nílé, lẹ́yìn náà kí ó gbé táńkì gbígbẹ lọ fún kílíà níbi tí irinṣẹ́ wà. Ìdajì iṣẹ́ kọ́ ni èyí. Fífá àti ìtọ́jú ojú irin ni ó ń gba àkókò jù.

Ewu kejì ni táńkì. Afẹ́fẹ́ tí ń jáde láti ara bẹntiróò wúwo ju afẹ́fẹ́ lásán lọ, ó sì ń rìn nílẹ̀ lọ bá iná. Ó lè gbiná nígbà tí ó bá tó nǹkan bí ìdá 1.4 sí 7.6 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́. Táńkì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ da epo rẹ̀ nù tilẹ̀ léwu ju èyí tí ó kún lọ, nítorí pé afẹ́fẹ́ ti ráyè wọ inú rẹ̀. Ìta gbangba ni kí a ti da epo nù, jìnnà sí iná ìdáná, sìgá àti jẹnẹrétọ̀. Kí a yọ tápù epo, kí a fi omi àti ọṣẹ fọ inú rẹ̀ léraléra, kí a sì ṣí ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ títí yóò fi gbẹ. A kò gbọ́dọ̀ jó o pọ̀ nílé bí ó bá lu.

Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ń fi bẹntiróò fọ irin kí wọ́n tó kùn ún. Àṣà yìí kò dára: bẹntiróò ní bẹ́ńsíìnì nínú, èyí tí ń fa jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀, ó sì lè fi ọ̀rá sílẹ̀ lójú irin.

Títọ́jú ojú irin

Ọṣẹ ni a kọ́kọ́ ń lò, kì í ṣe sáńpépà. Bí a bá fi sáńpépà ha irin tí gírísì wà lára rẹ̀, ńṣe ni a ń tẹ gírísì wọ inú ojú ọgbẹ́ irin. Lẹ́yìn fífọ̀, sáńpépà nọ́ńbà 80 sí 180 ni a fi ń ha ibi tí ó dípẹtà títí irin yóò fi mọ́ kedere. Nọ́ńbà 320 sí 400 ni a fi ń tẹ́ etí ọ̀dà àtijọ́ tí kò bó, kí ọwọ́ má baà mọ ibi tí ó parí sí. Lẹ́yìn ọ̀dà ìpìlẹ̀, nọ́ńbà 600 sí 800 tó.

Òjé lè wà nínú ọ̀dà àtijọ́, nítorí náà kí a fi omi rin sáńpépà kí eruku má baà fẹ́. Omi ìdọ̀tí náà kò yẹ ní ibi tí àwọn ọmọdé ń ṣeré. Ṣùgbọ́n irin tí ó wà níhòòhò kì í dúró de ẹnikẹ́ni: ní ìlú etíkun bí Èkó, níbi tí iyọ̀ òkun wà nínú afẹ́fẹ́, ìpẹtà lè padà ní ọjọ́ kan náà. Kí a nù ún gbẹ, kí a má fi ọwọ́ lásán kàn án, kí a sì fi ọ̀dà ìpìlẹ̀ sí i kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí ó bá jẹ́ fílà ni a fi dí ibi tí ó tẹ̀ wọnú, gbígbẹ ni kí a ha á, nítorí pé fílà ń fa omi mu.

A kì í kun nọ́ńbà ṣáásí, abọ́ bíréèkì, ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì àti ojú bóòtù. A kì í kun akoto pẹ̀lú, bí ó tilẹ̀ wu ọ̀pọ̀ ènìyàn kí ó bá alùpùpù mu; tínà lè sọ ike rẹ̀ di ẹlẹgẹ́ láìhàn sójú.

Fífín ọ̀dà

Ní àkókò òjò, ọ̀dà lè funfun bí ẹni pé a ta ẹfun sí i. Tínà tí ń fẹ́ lọ ni ó mú ojú irin tutù, tí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ sì sẹ̀ sí i lórí bí ìrì. Kí a má fín ọ̀dà bí ọ̀rinrin bá ju ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ọyẹ́ ń mú afẹ́fẹ́ gbẹ, àmọ́ eruku rẹ̀ pọ̀. Kí a wọ́n omi sílẹ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀.

Fífẹ́lẹ́ ni ó yẹ kí ọ̀dà wà, ní ìpele mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí agolo jìnnà sí irin ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 20 sí 25. Bí ojú ihò kéékèèké bá yọ lára ọ̀dà, ọ̀rá ni ó wà níbẹ̀. Ọ̀rá yìí lè wá láti ara ohun tí a fi ń mú táyà dán, tàbí láti inú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ fíríìjì tí àwọn afínnọ̀dà sọ di ẹ̀rọ fífín, tí òróró rẹ̀ ń bá afẹ́fẹ́ jáde. Sálẹ́ńsà nílò ọ̀dà tirẹ̀ tí ń fara da iná, irú èyí tí ń le nígbà tí ẹ̀ńjìnnì bá mú un gbóná.

Lẹ́yìn kíkùn

Ọ̀dà oníhádínà lè gbẹ ní ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n ó tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan kí ó tó le dáadáa. Kí a má da epo sí táńkì kí àkókò yẹn tó pé. Òróró bíréèkì DOT 3 àti DOT 4 ń bọ́ ọ̀dà ju bẹntiróò lọ, omi púpọ̀ sì ni kí a fi ṣàn án lójú ẹsẹ̀ bí ó bá ta sí i. Àkísà tí ó mu ọ̀dà olóróró lè gbiná fúnra rẹ̀ bí a bá ká a jọ, nítorí náà inú agolo irin tí omi wà ni kí ó wà.

Àwọ̀ ọkọ̀ wà lára ohun tí a ń kọ sínú ìwé ọkọ̀ ní Nàìjíríà, ẹni tí ó bá sì yí àwọ̀ padà gbọ́dọ̀ tún ìwé rẹ̀ ṣe kí àwọn agbófinró má baà dá a dúró lójú ọ̀nà. Ní Ilẹ̀ọba Aṣọ̀kan, àjọ DVLA ni a ń sọ fún.